Dúrọ́ọ̀mù Àtilẹ̀wá Tàbí Dísìkì: Bí A Ṣe Lè Yan Bíréèkì fún Mustang 1965 àti 1966

Ẹni tó bá ra Ford Mustang ọdún 1965 tàbí 1966 lónìí kì í pẹ́ kó tó dé orí ọ̀rọ̀ bíréèkì. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ló jáde nílé iṣẹ́ pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn bíréèkì tó dà bí ìlù irin, tí ṣúù ń tẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ láti dá a dúró, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó fẹ́ dísìkì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí páàdì méjì ń fún láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níwájú nígbà náà ní láti san àfikún owó. Nítorí náà, ohun tí ẹni tó ra ọkọ̀ náà sábà máa ń bá lábẹ́ rẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù tó ti dípẹtà, òróró bíréèkì tó ń jò, àti pẹ́dà tó ń rì wọlẹ̀. Ìmọ̀ràn tí yóò sì kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó tú gbogbo rẹ̀ dànù, kó lọ ra dísìkì. Èmi kò fara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn gẹ́gẹ́ bí òfin fún gbogbo ènìyàn. Dúrọ́ọ̀mù tí a tún ṣe dáadáa lè dá ọkọ̀ yìí dúró láìsí wàhálà nínú ọ̀pọ̀ ìlò tí a ń lò ó, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó léwu jù nínú ètò bíréèkì rẹ̀ ni másítà (sílíńdà àgbà tí pẹ́dà ń ti kí òróró lè lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) oníyàrá kan ṣoṣo, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tilẹ̀ wò.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà yóò máa ṣe. Ọkọ̀ tó ń jáde lọ́jọ́ ìsinmi nìkan lọ síbi ìpàdé àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ kò jọ èyí tó ń gbé olówó rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, láàárín àwọn ọkọ̀ òde òní tó lè dúró lójijì níwájú rẹ̀. Èkejì ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́, nítorí pé bíréèkì kì í ṣe ohun tí a ń fi ọjọ́ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nìkan dá lẹ́jọ́. Ẹ̀kẹta ni bó ṣe ń fara da ooru àti omi. Owó wà lẹ́yìn ìwọ̀nyí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni, torí pé iye tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀yà ọkọ̀ kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn yóò ná. Ìkẹyìn ni bí ọkọ̀ náà ṣe sún mọ́ bó ṣe jáde nílé iṣẹ́: èyí ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó fẹ́ gbé e síwájú àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ Mustang Club of America níbi ìpàtẹ ọkọ̀, tàbí tó fẹ́ tà á fún ẹni tó ń wá ojúlówó, kò sì já mọ́ nǹkan kan fún ẹlòmíràn.

Ó tún yẹ kí a mọ bí dúrọ́ọ̀mù ṣe ń ṣiṣẹ́ kí a tó dá a lẹ́bi. Ṣúù méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tẹ pẹ́dà, sílíńdà kékeré tó wà lókè yóò ti ṣúù méjèèjì síta kí wọ́n fi ara gbá dúrọ́ọ̀mù tó ń yí. Nínú irú bíréèkì Bendix tí Mustang yìí ń lò, dúrọ́ọ̀mù tó ń yí a máa wọ́ ṣúù iwájú lọ́wọ́, ṣúù iwájú náà a sì máa ti ṣúù ẹ̀yìn láti ìsàlẹ̀, bí pákó tí a ki sábẹ́ ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn bá ṣe ń tì í ló ń le sí i. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ kò fi ní láti tẹ pẹ́dà dúrọ́ọ̀mù pẹ̀lú agbára púpọ̀, kódà nínú ọkọ̀ tí kò ní búsítà, ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì. Dísìkì kò ní irú ìrànlọ́wọ́ yìí, ẹsẹ̀ tàbí búsítà ni yóò pèsè agbára tó kù. Ṣùgbọ́n ibi tí agbára dúrọ́ọ̀mù ti ń wá ni àléébù rẹ̀ ti ń wá pẹ̀lú. Bí òróró tàbí gírísì bá kan láínìnì, ìyẹn ohun tó bo ojú ṣúù tó sì ń gbá dúrọ́ọ̀mù, ní ẹsẹ̀ kan, tàbí tí ṣúù ẹsẹ̀ ọ̀tún bá sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù ju ti òsì lọ, ìyàtọ̀ kékeré yẹn yóò di ńlá, ọkọ̀ yóò sì fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ti ooru, bí dúrọ́ọ̀mù bá ṣe ń gbóná ló ń fẹ̀, tó sì ń jìnnà sí ṣúù, pẹ́dà yóò máa lọ sílẹ̀, láínìnì fúnra rẹ̀ kò sì ní di irin mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Dísìkì wà ní gbangba, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, páàdì sì ń nu omi kúrò lára rẹ̀ bó ṣe ń yí, nígbà tí omi tó bá wọ inú dúrọ́ọ̀mù lè mú kí bíréèkì àkọ́kọ́ tí ènìyàn tẹ̀ lẹ́yìn ẹrẹ̀ òjò dà bí ẹni pé kò sí. Òtítọ́ ni gbogbo èyí, kò sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn dúrọ́ọ̀mù fi pamọ́.

Títún ojúlówó ṣe pátápátá

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí a tọ́jú dúrọ́ọ̀mù tó bá ọkọ̀ wá, kí a fá inú rẹ̀, kí a lẹ láínìnì tuntun mọ́ ṣúù àtijọ́, kí a sì tún inú sílíńdà ṣe. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ṣùgbọ́n ó ń béèrè sùúrù. Àwọn tó ń ṣe é tí kò yọrí sí rere sábà máa ń jẹ́ àwọn tó tún apá kan ṣe, tí wọ́n sì fi èyí tó kù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Dúrọ́ọ̀mù ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ti ọkọ̀ V8, èyí tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́jọ, jẹ́ íǹṣì 10 láti etí kan sí ìkejì, ti èyí tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà jẹ́ íǹṣì 9. Ààlà tí wọ́n sábà máa ń fi lélẹ̀ fún dúrọ́ọ̀mù íǹṣì 10 ni íǹṣì 10.060, bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, irin rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù láti gba ooru, kò sì yẹ kó padà sára ọkọ̀ mọ́. Bí ẹni tó ń fá irin bá lè mú un rí roboto láìkọjá íǹṣì 10.030, àyè ṣì wà fún un láti jẹ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ó ní ìlà tó ti là tàbí ojú ibi tó ti di àwọ̀ búlúù nítorí ooru. Mo máa ń gbìyànjú láti gba dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ là kí n tó ra òmíràn, torí pé tuntun olówó pọ́ọ́kú kì í fìgbà gbogbo ti inú páálí jáde ní roboto.

Bí a bá ti fá dúrọ́ọ̀mù, ihò rẹ̀ ti tóbi ju ìtẹ̀ ṣúù lọ, àárín láínìnì nìkan ni yóò sì máa kàn án títí yóò fi jẹ mọ́ra. Láyé àtijọ́, àwọn mẹ́káníìkì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha láínìnì kí ìtẹ̀ rẹ̀ lè bá dúrọ́ọ̀mù mu, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn pa ẹ̀rọ náà tì nítorí eruku ásíbẹ́sítọ̀sì. Bí ẹ bá rí ẹni tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú láínìnì tí kò ní ásíbẹ́sítọ̀sì, ẹ fún un ní iṣẹ́ náà. Ó ń mú kí pẹ́dà le dáadáa láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ eruku yìí kì í sì í ṣe ohun tí a ń fojú kéré. Láínìnì àtijọ́ lára ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú rí lè ní ásíbẹ́sítọ̀sì nínú, èyí tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká fún ìjọba Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de irú ásíbẹ́sítọ̀sì kan ṣoṣo tó ṣì ń wọ orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n ṣì ń bá nínú láínìnì bíréèkì kan. Nítorí náà, ẹ má fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ inú dúrọ́ọ̀mù, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ẹ fi omi tàbí òróró ìfọbíréèkì rin ín kí eruku má baà fò, kí ẹ sì dá ihò imú àti ẹnu bò.

Sílíńdà ló tún kàn. Irin lásán ni, òróró bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 3 sì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà ọkọ̀ tó bá dúró sójú kan fún ọdún púpọ̀ kò lè ṣàìní ìpẹtà níbẹ̀. Ìpẹtà ojú lásán ṣe é ha kúrò, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹ ihò sínú irin, rọ́bà tuntun kò ní pẹ́ tó fi máa jò. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń gbẹ́ inú sílíńdà àtijọ́ fẹ̀, tí wọ́n á sì fi irin tí kì í dípẹtà tàbí idẹ tẹ́ inú rẹ̀. Owó rẹ̀ ju ti sílíńdà tuntun lọ, ṣùgbọ́n ojúlówó irin tí Ford rọ yóò wà lára ọkọ̀, ìpẹtà kò sì ní padà síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ṣúù tí láínìnì rẹ̀ kúrú ni ti iwájú, èyí tó gùn ni ti ẹ̀yìn, torí pé ṣúù ẹ̀yìn ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ má ṣe pààrọ̀ àjọ́sítà (síkúrúù tó ń mú ṣúù sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù bí láínìnì ṣe ń jẹ) ọ̀tún pẹ̀lú ti òsì. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n bí a ṣe gé ojú síkúrúù wọn yàtọ̀ síra. Bí wọ́n bá sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe tiwọn, dípò kí wọ́n máa mú ṣúù sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á máa fà á sẹ́yìn ni. Àjọ́sítà yìí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì bí ọkọ̀ ti ń fẹ̀yìn rìn, nítorí náà ẹni tí kì í fi ọkọ̀ rẹ̀ rìn sẹ́yìn rárá yóò máa rí i pé pẹ́dà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo àwọn ibi tí ṣúù ń fi ẹ̀gbẹ́ gbá lára irin pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ṣúù bá ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀, yóò máa há, kò sì ní padà tán. Kí a jó irin sí kòtò náà, kí a ha á tẹ́jú, kí a fi gírísì tó ń fara da ooru pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo sípírìǹgì ni kí ẹ pààrọ̀, ooru ti sọ wọ́n di aláìlágbára. Rọ́bà họ́ọ̀sì pẹ̀lú: inú họ́ọ̀sì àtijọ́ máa ń wú, a sì di òróró mú sínú sílíńdà, bíréèkì a máa di táyà mú nígbà tí ẹsẹ̀ ti kúrò lórí pẹ́dà, àwọn ènìyàn a sì di ẹ̀bi náà ru dúrọ́ọ̀mù. Bí òróró ásẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn bá ń jò wọ inú dúrọ́ọ̀mù, ẹ dí i kí ẹ tó fi láínìnì tuntun síbẹ̀.

Fífi ẹ̀yà tuntun rọ́pò

Èyí ni ọ̀nà tó rọrùn jù. Ṣúù, sílíńdà, sípírìǹgì, họ́ọ̀sì, kódà dúrọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ṣì wà lọ́jà ní tuntun, torí pé Mustang ọdún wọ̀nyí pọ̀ débi pé ọjà ẹ̀yà rẹ̀ kò tíì kú. Ti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátá kò ju ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan lọ, ẹni tó bá sì ní irinṣẹ́ lè tò ó fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń dá ọkọ̀ dúró kò yàtọ̀ sí ti ọ̀nà àkọ́kọ́ bí a bá tò ó dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀yà tuntun kò dọ́gba: ẹ wọn dúrọ́ọ̀mù kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì rí i pé láínìnì kan gbogbo ojú irin.

Dúrọ́ọ̀mù pẹ̀lú másítà oníyàrá méjì

Bí mo bá ní láti tẹnu mọ́ ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun ni èyí. Másítà Mustang 1965 àti 1966 ní yàrá òróró kan tó ń bọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí họ́ọ̀sì kan bá bẹ́, tàbí páìpù kan bá jẹrà tán, gbogbo òróró yóò gba ibẹ̀ jáde, pẹ́dà yóò lọ tààrà sílẹ̀, kò sì sí bíréèkì kankan tó kù àyàfi ti ọwọ́. Mustang 1967 gba másítà oníyàrá méjì, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di dandan láti 1968. Kò sí dísìkì, bó ti wù kó dára tó, tó lè dá ọkọ̀ dúró nígbà tí kò sí òróró mọ́. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ná owó ńlá sí táyà àti ọ̀dà rẹ̀ tí másítà oníyàrá kan náà ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì ń bà mí nínú jẹ́.

Másítà Mustang 1967 fún ọkọ̀ oní-dúrọ́ọ̀mù ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ ojú bọ́ọ̀tì kan náà, páìpù díẹ̀ ló kù láti tẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ti dúrọ́ọ̀mù ni ẹ rà, kì í ṣe ti dísìkì, torí pé ti dúrọ́ọ̀mù ń di ìwọ̀nba agbára díẹ̀, nǹkan bíi psi 10 (pọ́n-ùn mẹ́wàá lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan), mú sínú páìpù kí rọ́bà sílíńdà má baà fa afẹ́fẹ́ wọlé. Bákan náà, ẹ má ra èyí tí ihò rẹ̀ tóbi ju ti àtijọ́ lọ, nítorí pé bí ihò bá ṣe tóbi tó ni pẹ́dà yóò ṣe le tó lábẹ́ ẹsẹ̀. Fún páìpù tuntun, mo fẹ́ràn èyí tí wọ́n fi bàbà pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì, kì í dípẹtà, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ká lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo owó iṣẹ́ yìí kéré gan-an sí ti dísìkì, a sì lè yọ ọ́ padà láìgé ohunkóhun lára ọkọ̀.

Dísìkì níwájú, dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń dúró, ẹrù rẹ̀ ń dà síwájú, nítorí náà ẹsẹ̀ iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí dísìkì níwájú nìkan fi ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú èrè wá. Shelby GT350 ọdún 1965 pàápàá, irú Mustang tí wọ́n kọ́ fún eré ìje, dísìkì ló ní níwájú, dúrọ́ọ̀mù ló sì ní lẹ́yìn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbà. Àwọn kan ń wá irú ti Kelsey-Hayes, kálípà (ohun tó ń fi páàdì fún dísìkì) onípísítìnì mẹ́rin tí Ford fúnra rẹ̀ ń tà nígbà náà. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ti ìgbà ayé ọkọ̀ náà. Àwọn mìíràn ń tú ti Ford Granada 1975 sí 1980 níbi tí wọ́n ń kó àlòkù ọkọ̀ sí. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ó lè yí bí táyà iwájú ṣe ń tọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá gun gegele. Ẹ̀kẹta ni àkójọ tuntun tí ilé iṣẹ́ òde òní ń tà. Kì í sábà dín ní 500 dọ́là, ó sì lè kọjá 1,000 dáadáa bí búsítà bá wà nínú rẹ̀.

Owó tí kò sí lára páálí ni kí ẹ ṣírò. Másítà gbọ́dọ̀ yí padà. A nílò fáàfù tó ń dín agbára tó ń lọ sẹ́yìn kù, kí táyà ẹ̀yìn má baà há mọ́lẹ̀ ṣáájú ti iwájú. Rímù íǹṣì 14 àtilẹ̀wá lè máa gbá kálípà. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ní kámù eré ìje (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ̀ńjìnnì), agbára ìfàmu afẹ́fẹ́ tí búsítà ń gbà láti inú ẹ̀ńjìnnì lè má tó. Ọkọ̀ onísílíńdà mẹ́fà ní bọ́ọ̀tì mẹ́rin lára táyà, ọ̀pọ̀ àkójọ yìí sì ní márùn-ún. Ẹni tó bá lò ó yóò máa gbé oríṣi táyà ìrọ́pò méjì kiri, tàbí kó pààrọ̀ ásẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn. Ní Havana, olú ìlú Cuba, àwọn mẹ́káníìkì ń da ẹ̀yà Lada, ọkọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, mọ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ọdún 1950 sí 1959, torí pé òfin tí Amẹ́ríkà fi dènà òwò pẹ̀lú Cuba kò jẹ́ kí ojúlówó dé ọwọ́ wọn. Ọgbọ́n wọn yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n àìní ló kọ́ wọn. Ẹni tó wà ní Houston tàbí Atlanta, tí ẹ̀yà tó bára mu wà níwájú rẹ̀, kò ní ìdí láti máa da àwọn tí kò bára mu pọ̀.

Dísìkì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò pẹ́ láti sọ. Owó rẹ̀ sábà máa ń tó ìlọ́po méjì ti iwájú nìkan, èrè rẹ̀ lójú pópó kéré, bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ aláìlágbára ju ti dúrọ́ọ̀mù lọ.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ síwájú adájọ́, tó sì ń rìn níwọ̀nba, kó tún ojúlówó ṣe pátápátá, kó má sì fọwọ́ kan másítà rẹ̀ àyàfi kó fi irin tí kì í dípẹtà tẹ́ inú rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó máa ń dúró sójú kan fún oṣù púpọ̀, ni òróró DOT 5 yẹ jù, torí pé kì í fa omi, kì í sì í ba ọ̀dà jẹ́; ṣùgbọ́n kó má dà á pọ̀ mọ́ DOT 3 láé.

Ẹni tó ń wa V8 rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ ní ìlú tó tẹ́jú, irú bíi Houston, kó tún dúrọ́ọ̀mù ṣe, kó sì fi másítà oníyàrá méjì sí i. Ìmọ̀ràn tí mo ń fún ọ̀pọ̀ jù lọ nìyí, kò sì sí ohun tó sọnù nínú rẹ̀ bí èrò wọn bá yí padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó fún gbogbo iṣẹ́ náà, másítà àti họ́ọ̀sì ni kó kọ́kọ́ pààrọ̀, kó tó kan láínìnì.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ láàárín ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tó ń fa ẹrù, tàbí tó ń gbé níbi òkè, kó fi dísìkì síwájú. Lójú ọ̀nà òkè Pikes Peak ní Colorado, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dá ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ dúró láti wọn bí bíréèkì rẹ̀ ṣe gbóná tó; irú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi dúrọ́ọ̀mù íǹṣì 9, bó ti wù kí ènìyàn lo jíà kékeré tó. Ẹni tó ní ọkọ̀ onísílíńdà mẹ́fà tó sì fẹ́ gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kó wá àkójọ dísìkì oníbọ́ọ̀tì mẹ́rin, kó má baà ra ásẹ́ẹ̀lì tí kò nílò. Dísìkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ti ẹni tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí pápá ìje.